Ọdún 6 ní Kansas City, àbí ọ̀fẹ́ ní Texas? Ẹ gbà wá nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ọmọ wa

Nọ́ọ̀sì Alief

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i, àmọ́ èyí tó délẹ̀ yìí ti ju agbára èmi àti bàbá àwọn ọmọ lọ. Houston la wà, apá Alief. Nọ́ọ̀sì ni mí níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Bàbá wọn ń bá ìjọba ìlú ṣiṣẹ́.

Àkọ́bí wa obìnrin ń jáde girama lóṣù tó ń bọ̀, á pé ọmọ ọdún 18 nínú oṣù Kẹjọ. Lẹ́tà méjì ló wà lórí tábìlì oúnjẹ wa báyìí. Èkíní wá láti UMKC, yunifásítì Missouri tó wà ní Kansas City. Ètò ọdún 6 ni: ọmọ á wọlé láti girama, á gba dìgírì àkọ́kọ́, á sì gba MD, ìyẹn dìgírì dókítà, mọ́ ọn, láì tún lọ máa bẹ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kankan lẹ́yìn ọdún 4. Láti ọdún 1971 ni wọ́n ti ń ṣe é bọ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán wò. Tó bá ń lọ déédéé, á ti di dókítà kó tó pé ọmọ ọdún 24. Lẹ́tà kejì wá láti yunifásítì ìjọba kan níbí ní Texas: ọ̀fẹ́ pátápátá fún ọdún 4. Owó ilé ẹ̀kọ́, yàrá, oúnjẹ, owó ìwé, gbogbo ẹ̀. Kí GPA ẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì ẹ̀ nínú 4, má ṣáà ti lọ sísàlẹ̀ 3.25.

Bàbá wọn ò rí ohun tí à ń rò nínú ẹ̀. Ìbàdàn ló dàgbà sí, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin kàwé ìṣègùn nílé, ó ṣe JAMB, ó bọ́ sí ọdún kìíní, ó parí ẹ̀. Lójú tiẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ́ dókítà nìyẹn. Ọdún 4 tí Amẹ́ríkà ń fi kọ́ ọmọ ní bàọ́lọ́jì kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan aláìsàn, ìfowóṣòfò ni. (Ti ẹ̀gbọ́n yẹn náà, ọdún 6 orí ìwé ni o. Ìyanṣẹ́lódì sọ ọ́ di 8.) Ìyá ọkọ mi ti ń pe ọmọ ní "Dókítà mi" lórí WhatsApp láti oṣù Kejì. Gbogbo ìjọ wọn ní Mọ́kọ́lá ti gbọ́.

Èmi, owó ló ń já mi láyà. Mo ṣírò owó ilé ẹ̀kọ́, yàrá, oúnjẹ, ìńṣọ́ránsì àti ọkọ̀ òfuurufú fún ọdún 6 yẹn, ó lé ní ẹgbẹ̀rún 300 dọ́là. Àwọn méjì míì ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Gbèsè tí mo jẹ nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọdún tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ san án tán. Mo mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n ti fa owó lọ lákáǹtì lóṣooṣù kí èèyàn tó ra ìrẹsì.

Ọmọ fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ó ní dókítà lòun fẹ́ ṣe, láti kékeré ló ti ń sọ ọ́. Àmọ́ nígbà ọlidé tó kọjá, ó lọ ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ní ẹ̀ka Harris County tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn. Wọ́n á kó ẹ̀fọn inú pańpẹ́ wá, wọ́n á tú wọn sórí tábìlì tútù kan kí wọ́n má bàa jí, wọ́n á ṣà wọ́n lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, irú èyí síbí, irú ìyẹn sọ́hùn-ún, wọ́n á kà wọ́n, wọ́n á sì yẹ̀ wọ́n wò bóyá àrùn West Nile wà lára wọn. Ọmọ tí mi ò lè jí láàárọ̀ Sátidé, òun ló wá ń kan ilẹ̀kùn mi pé mọ́mì, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ó ya máàpù kan sórí kọ̀ǹpútà, àdúgbò tí ẹ̀fọn ti ń pọ̀ lẹ́yìn òjò, ó sì ń ṣàlàyé ẹ̀ fún mi títí mo fi sùn lọ. Mo bi í pé ṣé iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Ó ní, "Bóyá."

Ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ni gbèdéke. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀kan nínú ọ̀nà méjèèjì yìí, tàbí tí ọmọ yín gbà á, kí lẹ rí sí i?

Alàgbà Maryland

Ìyá Dókítà, ẹ kú oríire! Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúpẹ́ ná, nítorí ìṣòro tẹ́ ẹ kọ síbí yìí, ẹlòmíràn ń gbààwẹ̀ kí ó lè rí i.

Ẹ mú Kansas City. Ọdọọdún ni àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún 50 ń kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn MD nílẹ̀ yìí, àwọn tó ń wọlé ò sì ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 23 lọ. Àwọn tó ń padà sílé ju àwọn tó ń wọlé lọ, kì í sì í ṣe pé olódo ni wọ́n. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi parí yunifásítì pẹ̀lú 3.8, ó gba 512 nínú MCAT, ìdánwò àbáwọlé ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ìyẹn ò sì kéré sí ti àwọn tó ń wọlé. Ó kọ̀wé lọ́dún kìíní, wọn ò mú un. Ó san owó fọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò mú un. Láàbù ló wà báyìí, ó ń fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn sínú ẹ̀rọ, ó ní òun ò gbìyànjú mọ́.

Ọmọ tó ń gba A nínú gbogbo iṣẹ́ ní girama ò tíì pàdé Organic Chemistry, kẹ́mísìrì yunifásítì tó máa ń lé ọ̀pọ̀ ọmọ sá. Ẹ jẹ́ kó pàdé ẹ̀ nígbà tí àyè ẹ̀ ti wà nílẹ̀. Gbèsè, dókítà á san án. Mi ò tíì rí dókítà tó ń ṣagbe ní Amẹ́ríkà.

Ìyá Ìbejì Peckham

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà máa ń yà mí lẹ́nu. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, láti A-level lọ sí ìṣègùn tààrà ni. Ọdún 5, tàbí 6 níbi tí wọ́n bá ti fi dìgírì kan há a láàárín. Ọmọ mi ọkùnrin wọ ọ́ ní 18, orí ẹ̀ sì pé. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé ọmọ ọdún 18 ò lè mọ ohun tó fẹ́, ẹ má dá a lóhùn.

Àmọ́ owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ England ò tó ẹgbẹ̀rún 10 pọ́n-ùn lọ́dún, ìjọba ló sì ń yá a. Ẹgbẹ̀rún 300? Háà. Ẹ bá mi kí bàbá wọn.

Ọmọ Hospital Hill

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ètò tí wọ́n mú ọmọ yín sí yẹn gan-an ni mo gbà. Illinois ni mo ti lọ, ọmọ Ọ̀ṣun ni àwọn òbí mi. Mo wà ní residency báyìí, ìyẹn iṣẹ́ kíkọ́ ní ọsibítù lẹ́yìn tí èèyàn bá ti gba MD; internal medicine, ìtọ́jú àìsàn inú ara àgbàlagbà, ni mò ń ṣe.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ìwé wọn ò ní sọ fún yín. Kò sí ọlidé gígùn. Àwọn tí ẹ jọ jáde girama á máa fi fọ́tò òkun ránṣẹ́ nínú oṣù Keje, ìwọ á wà ní kíláàsì. Ohun tí àwọn míì ń fi ọdún 8 kọ́ ni wọ́n ká pọ̀ sínú ọdún 6, ọdún ò sì gùn ju oṣù 12 lọ níbì kankan.

Àmọ́ ohun tí mo rí níbẹ̀, mi ò ní fi ṣeré. Wọ́n máa ń pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀wọ́ kéékèèké lábẹ́ dókítà kan tí wọ́n ń pè ní docent, dókítà yẹn á sì mọ̀ ẹ́ bí ẹni mọ owó. Láti ọdún kẹta ni wọ́n ti fún mi ní ìdajì ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ní kílíníìkì, àwọn aláìsàn kan náà ni mo sì ń rí títí mo fi jáde. Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí ọkàn ẹ̀ ò lágbára mọ́. Ọmọ ogún ọdún ni mí, ó ń pè mí ní "Doc". Lọ́jọ́ kan ó wọlé, ó ní kò sí nǹkan kan, bàtà òun ló kàn fún. Mo tẹríba, mo fi àtàǹpàkò tẹ kókósẹ̀ ẹ̀, ojú ibẹ̀ jìn wọnú, kò sì padà. Mo ní bàbá, kí lẹ jẹ lọ́sẹ̀ yìí? Ó ní ọbẹ̀ inú agolo, ọmọ òun ló ra páálí kan fún òun. Iyọ̀ ni gbogbo ẹ̀! Docent mi dúró lẹ́yìn mi, kò sọ̀rọ̀, ó jẹ́ kí èmi fúnra mi kọ iye oògùn tó yẹ ká fi kún un, lẹ́yìn náà ló tó buwọ́ lù ú. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wà ní yunifásítì míì ń kàwé MCAT lọ́wọ́ nígbà yẹn.

Èyí tó korò nìyí. Láti oṣù Kíní ọdún 2022, Step 1, ìdánwò àkọ́kọ́ nínú ti ìwé àṣẹ dókítà, kò ní máàkì mọ́, ó yege tàbí kò yege ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe dókítà awọ ara tàbí ti egungun ti wá gbọ́dọ̀ ní ìwádìí tó ṣe, tó sì gbé jáde, kí wọ́n tó wò ó. Ìgbà wo ló fẹ́ ṣe é nínú ọdún 6? Àwọn kan nínú wa gba ọdún kan sí i nítorí ìyẹn, ni 6 bá di 7. Àwọn kan kúrò lágbedeméjì. Ẹni tó kúrò kì í lọ lófo, ó lè kó kọ́ọ̀sì ẹ̀ lọ síbòmíràn, àmọ́ ọ̀fẹ́ Texas yẹn ò ní jókòó máa dúró dè é.

Mà, tí ọmọ yín bá jẹ́ ẹni tí aláìsàn ń wù láti wà lọ́dọ̀ ẹ̀, mo máa ní kó wá lọ́la. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn yẹn ló ń dí mi lọ́wọ́. Mo mọ ètò yẹn dáadáa, kò sí ibi tí wọ́n máa há ẹ̀fọn sí nínú ẹ̀.

Bàbá Oníṣirò (Dallas)

Alàgbà Maryland, mo kí yín o, àmọ́ "dókítà á san án" yẹn, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ti ń di.

Òfin tí Ààrẹ Trump buwọ́ lù ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2025 ti yí ọ̀rọ̀ lóònù padà, ọ̀pọ̀ òbí ò sì tíì fura. Grad PLUS, lóònù ìjọba àpapọ̀ kan, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi ń yá iye tí ilé ẹ̀kọ́ bá ní òun máa gbà. Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2026, kò sí i mọ́ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ò lè yá ju ẹgbẹ̀rún 50 dọ́là lọ lọ́dún lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò sì gbọ́dọ̀ ju ẹgbẹ̀rún 200 lọ. Parent PLUS tí ẹ̀yin òbí ń yá, ẹgbẹ̀rún 20 lọ́dún, ẹgbẹ̀rún 65 lórí ọmọ kan, ó parí. Ọmọ tó ṣì ń ṣe dìgírì àkọ́kọ́, tí àwọn òbí ẹ̀ ṣì ń gbọ́ bùkátà ẹ̀, 5,500 ló lè yá lórúkọ ara ẹ̀ lọ́dún kìíní, 6,500 lọ́dún kejì.

Nítorí náà, kí ẹ tó pinnu ohunkóhun, ẹ kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí Kansas City, kí wọ́n sì fi ìwé dá yín lóhùn, ẹ má gba ti orí fóònù: nínú ọdún 6 yẹn, ọdún wo ni ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọmọ wa sí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn níbi ọ̀rọ̀ lóònù? Nítorí títí dìgbà náà, owó kékeré ti ọmọ yunifásítì ló máa rí yá. Àlàfo tó bá kù, báǹkì aládàáni ló máa dí i. Báǹkì á ní kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ síwèé pẹ̀lú ẹ̀. Tó bá sì ṣiṣẹ́ ọdún 10 ní ọsibítù ìjọba tàbí èyí tí kì í wá èrè, tí wọ́n fẹ́ fi PSLF, ètò ìdáríjì gbèsè ti ìjọba, dárí gbèsè jì í, ti ìjọba àpapọ̀ nìkan ni wọ́n máa dárí ẹ̀ jì. Ti báǹkì dúró gbọin.

Èlé ńkọ́? Lóònù ìjọba fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, 7.94% ni lọ́dún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026. Ẹgbẹ̀rún 200 lórí iye yẹn, èlé ọdún kan péré, 15,880 dọ́là. Dókítà tó wà ní residency ń gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 65 lọ́dún kí owó orí tó kàn án, residency ò sì dín ní ọdún 3. Iṣẹ́ abẹ, 5. Ti ọpọlọ, 7.

Mo gbà fún bàbá ọmọ níbì kan. Ọdún 2 tó máa fi ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ yẹn, owó ọdún 2 dókítà tó ti dáńgájíá ni, ó sì lè lé ní ẹgbẹ̀rún 400. Kì í ṣe owó kékeré. Àmọ́ ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ lowó yẹn wà, nígbà tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Gbèsè ló ń bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ yìí.

Ọ̀fẹ́ yẹn náà ní owó orí tiẹ̀ o, ẹ má jẹ́ kó bá yín lójijì. Apá tó san owó ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé, IRS, àjọ tó ń gba owó orí, ò fọwọ́ kàn án. Apá tó san yàrá àti oúnjẹ, owó tó wọlé fún ọmọ ni wọ́n kà á sí.

Àbíkẹ́ Galveston

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Katy ni mo dàgbà sí, ọ̀fẹ́ ni mo gbà ní yunifásítì ìjọba ní Texas, mo sì wà ní ọdún kẹta ìṣègùn ní UTMB, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ìjọba ní Galveston, báyìí. Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ nípa Texas fúnra ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Òfin Texas ni pé nínú mẹ́wàá tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ìjọba bá mú, mẹ́sàn-án gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Texas. Ẹ rò ó wò. Àwọn ọmọ California ń bá gbogbo Amẹ́ríkà du àyè, ọmọ yín ń bá ọmọ Texas du ti Texas. Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, TMDSAS, ló ń kárí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ìjọba. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ Texas ní ìwọ̀nyí jẹ́ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 20 lọ́dún. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ láìjẹ gbèsè dìgírì àkọ́kọ́, lóònù ìjọba tí Bàbá Oníṣirò kà sílẹ̀ yẹn á gbé e dé ìparí láì bá báǹkì kankan da nǹkan pọ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà sì ń pọ̀ sí i: University of Houston ṣí tiẹ̀ ní 2020, akẹ́kọ̀ọ́ 30 ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan tí kò jẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun sì san owó ilé ẹ̀kọ́ gbogbo wọn.

Ẹ gbọ́ nípa JAMP, ètò tó ń ran ọmọ tí kò lówó lọ́wọ́ láti wọ ìṣègùn? Ilé aṣòfin Texas ló dá a sílẹ̀ ní 2001. Ọmọ tí ilé wọn ò lówó púpọ̀ máa ń kọ̀wé sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ yunifásítì, tí wọ́n bá mú un, tó sì ń ṣe dáadáa, àyè ìṣègùn ẹ̀ ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí owó oṣù ẹ̀yin méjèèjì ti pọ̀ jù fún un, àmọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọlé, nítorí ẹni tó bá fi ọdún kìíní ṣòfò, ó ti pẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọdún ńkọ́? Ní Texas, òfin ní kí yunifásítì ìjọba gba AP, ìyẹn iṣẹ́ ipele yunifásítì tí ọmọ ti ṣe ní girama, lọ́pọ̀ ìgbà tí ọmọ bá ti gba 3 nínú 5 nínú ìdánwò ẹ̀. Ọmọ tó ní AP púpọ̀ lè parí dìgírì àkọ́kọ́ ní ọdún 3. 3 àti 4, ọdún 7. Tàbí kó ṣe ọdún 4 pé, kó wá lọ sí Texas Tech ní Lubbock, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ ṣe dókítà ìdílé ti lè gba MD ní ọdún 3. 7 náà nìyẹn. Ọdún kan péré ló wà láàárín ìyẹn àti Kansas City, Dádì.

Ohun tí mo fi ọdún 4 mi ṣe nìyí. Mo ṣe scribe, akọ̀wé dókítà, ní ẹ̀ka pàjáwìrì, iṣẹ́ òru. Dókítà á máa sọ̀rọ̀, èmi á máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Aago mẹ́ta òru, ọ̀mùtí kan ń bú dókítà tó ń rán orí ẹ̀, ó bú u, ó bú ìyá ẹ̀. Dókítà ò gbójú sókè. Ó ń rán an lọ, ó ń sọ fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìránṣọ márùn-ún, ó tún ń bi ọkùnrin yẹn bóyá òtútù ń mú un. Inú mi dùn láti wà níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹni tí inú ẹ̀ ń dùn níbi tí wọ́n ti ń bú èèyàn ní aago mẹ́ta òru, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ò lò tó oṣù méjì tó fi ní òun ò lè ṣe é. Òfin ló ń kà báyìí, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Alàgbà Maryland

Ọ̀rọ̀ yín dùn, ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ sì mọ̀wé. Àmọ́ Àbíkẹ́, ìwọ wọlé. Àwọn tí wọn ò mú ní Texas ò sí níbí láti kọ tiwọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kó wá kọ tiẹ̀, ó ní òun ò fẹ́.

Àbíkẹ́ Galveston

Òótọ́ ni, sà. Mi ò lè jiyàn ìyẹn.

Ọmọ Hospital Hill

Alàgbà, àwọn tó kúrò ní Kansas City lọ́dún kẹta náà ò sí níbí.

Nọ́ọ̀sì Alief

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún bàbá wọn nínú mọ́tò bí a ṣe ń bọ̀ láti ìsìn. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ Alàgbà, ó ní kí n tún un kà. Nígbà tí mo dé ibi Parent PLUS, ó pa rédíò. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Bellaire Boulevard, ó wá ní, "Ẹgbẹ̀rún 65 péré? Lórí ọdún 6?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n kọ ìbéèrè yẹn ránṣẹ́ sí wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, mo sì kọ ọ́. Wọ́n fèsì pé àwọn máa pè wá. Mo ní rárá o, ẹ kọ ọ́. A ṣì ń retí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan jáde tí mi ò rò. Mo pe ọmọ jókòó, mo ní kó ka ohun tí gbogbo yín kọ. Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀fọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí nípa UTHealth, yunifásítì ìlera ìjọba níbí ní Houston, pé èèyàn lè kọ́ ìṣègùn kó sì kọ́ ìlera gbogbogbòò mọ́ ọn níbẹ̀. Mo ní ṣé Texas lò ń fẹ́ nìyẹn? Ó dákẹ́. Ó wá ní, "Mọ́mì, Kansas City ni mo máa mú, nítorí tí mo bá ti wọ ibẹ̀, ẹ ò ní béèrè mọ́."

Mo ní ta ló ń béèrè? Ó na fóònù ẹ̀ sí mi. Ìyá ọkọ mi tún ti fi ohùn ránṣẹ́ láàárọ̀ yẹn, àdúrà ni, ó dára, àmọ́ "Dókítà" wà nínú ẹ̀ bíi kí n máa kà á. Àǹtí ẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù náà. Ọ̀gá akọrin ìjọ wa náà. Ọmọ ní tóun bá lọ sí yunifásítì lásán, gbogbo ọlidé ni wọ́n máa bi òun pé ìṣègùn ńkọ́, ó ti kù ọdún mélòó. Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ìdí ẹ̀fọn lòun dúró sí, kí lòun fẹ́ sọ fún màmá?

Bàbá ẹ̀ gbọ́ ọ láti kíṣìnì. Ó jáde, ó ní màmá jẹ́ ìyá òun, òun ló máa bá màmá sọ̀rọ̀, kò kan ọmọ. Ó ní kó mú èyí tó bá wù ú, àmọ́ kó má mú èyí tó wọ́n jù nítorí kó lè sá fún fóònù. N kò tíì gbọ́ ọ kó sọ̀rọ̀ tó gún báyẹn láti ọjọ́ tí lẹ́tà ti dé. Ó ti pe Ìbàdàn lálẹ́ àná, ó lò tó wákàtí kan, ó sì gbélẹ̀kùn tì.

Tèmi ni pé Texas ni mo máa mú ká ní èmi ni. Mi ò tíì sọ fún ọmọ. Ó ti ní kí n wá Àbíkẹ́ fún òun, ó fẹ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń gba iṣẹ́ scribe yẹn. Àbíkẹ́, jọ̀ọ́, wo àpótí ìfìwéránṣẹ́ ẹ, mo ti fi ọ̀rọ̀ sí i.

Bàbá Oníṣirò, ẹ má bínú, ìbéèrè kan ló kù. Owó orí yàrá àti oúnjẹ yẹn, ṣé inú fọ́ọ̀mù tiwa la máa kọ ọ́ sí àbí tọmọ?

Bàbá Oníṣirò (Dallas)

Tọmọ, mà. 1040, fọ́ọ̀mù owó orí, tiẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ ṣì lè kọ orúkọ ẹ̀ sínú tiyín pé ẹ̀yin lẹ̀ ń gbọ́ bùkátà ẹ̀, ẹ ṣáà rí i pé òun náà sọ ọ́ nínú tiẹ̀. Kó máa pa gbogbo rìsíìtì ìwé tó bá rà mọ́.